Kí Ni Awakọ̀ Ń Rí Lára Ọkọ̀ Rẹ̀?

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìbéèrè kan ti ń dà mí láàmú. Ẹ̀gbọ́n tó bi mí kò tilẹ̀ kà á sí ohun bàbàrà. Wọ́n bi mí tán, wọ́n gba ibòmíràn lọ. Èmi ni mo gbé e délé, tí mo gbé e sùn, tí mo sì tún bá a lórí ibùsùn nígbà tí mo jí.

Àríyànjiyàn là ń ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹ mọ irú rẹ̀ láàárín àwa tí ọkọ̀ asáré ti kó sí lórí. Ẹnì kan á ní ọkọ̀ báyìí rẹwà, ẹlòmíràn á ní játijàti ni, ẹnì kẹta á wá ní kí gbogbo wa panu mọ́, ó ní ṣé a ti wà á rí? Tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibi "ṣé ẹ ti wà á rí" yìí, ìjà dé nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń bú, tí à ń yìn, a ò fọwọ́ kan sítíárìn wọn rí láyé wa.

Honda Civic Type R tó jáde lọ́dún 2017 ló dá a sílẹ̀. Igun lórí igun, ihò lórí ihò, ìyẹ́ kan tó nà gàgàrà lẹ́yìn, sáláńsà mẹ́ta tí wọ́n tò sí àárín ìdí. Ọ̀kan nínú wa ní ó dà bí ohun tí ọmọdé yà nígbà tí inú ń bí i. Èmi ni mo ń gbèjà ọkọ̀ náà. Mo ní ẹ fi ti ojú sílẹ̀ ná. Táyà iwájú nìkan ló ń fa ọkọ̀ yìí, agbára ẹṣin 320 ló sì wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì èyí tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù, síbẹ̀ kí o tẹ iná mọ́ ọn nínú kọ́nà, sítíárìn kò ní já gbà mọ́ ọ lọ́wọ́. Jíà ọwọ́ mẹ́fà ló ní, kò sí ọtọmátíìkì níbẹ̀ rárá. Mo ní àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí mo rí i pé ẹnu wọn kò tíì wọlẹ̀, mo fa ọ̀rọ̀ tó kù sí mi lápò yọ. Mo ní, "Ìwà lẹwà."

Gbogbo wọn dákẹ́. Ta ló fẹ́ bá àwọn baba wa jiyàn?

Ẹ̀gbọ́n kan wà láàárín wa tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ asáré kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún mi yàtọ̀ sí tòsì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìdá sí i. Wọ́n gbójú sókè.

"Ìwọ, nígbà tí o bá wà nídìí sítíárìn, kí lo máa ń rí lára ọkọ̀ rẹ?"

"Kò sí o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà ni mò ń wò ní tèmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀nà lò ń wò. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Wọ́n bá padà sídìí fóònù wọn.

## Òwe tí mo sọ di òkò

Ohun tó kọ́kọ́ ń rò mí nínú ni pé mo fi òwe lu àwọn ènìyàn lẹ́nu. "Ìwà lẹwà" kò ní kí ẹnikẹ́ni fọ́jú. Ohun tó ń sọ ni pé ìwà gan-an ni ẹwà, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé. Èmi wá ya wọ́n sọ́tọ̀, mo gbé ìwà sókè, mo ju ẹwà sígbó, mo sì ní òwe ló rán mi.

Mo sì wá ṣàkíyèsí pé kì í ṣe èmi nìkan. Tí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ wa nígbà tí à ń jà, ẹ ó rí i pé ohun kan náà ni àwọn olójú (tó ń wo ẹwà ọkọ̀) àti àwọn olówakọ̀ (tó ń wo bó ṣe ń wà) gbà gbọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ń bú ara wọn. Gbogbo wa gbà pé ẹwà ọkọ̀ jẹ́ ti ẹni tó wà níta, wíwà rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó wà nínú, pé ògiri kan wà láàárín wọn. Lọ́dún 2020 tí BMW gbé M3 àti M4 tuntun jáde, tí imú méjèèjì iwájú rẹ̀, ìyẹn gírílì, gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sín, ariwo sọ. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní, "Kí ló kàn yín? Ẹ ò kúkú lè rí gírílì láti orí àga awakọ̀." Èmi náà sọ ọ́, mo sì rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ ẹ wo ohun tó fà lọ́wọ́: ó túmọ̀ sí pé ohun tó bá wu àwọn tó ń ya ọkọ̀ ni kí wọ́n fi ara ọkọ̀ ṣe, awakọ̀ kò ní í mọ̀.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú ọkọ̀ tèmi. N kò ní dárúkọ rẹ̀, kì í ṣe òun nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ asáré ni, ó gbóná, ó ní ìyẹ́ lẹ́yìn. Mo jókòó, mo di bẹ́líìtì, mo wo iwájú. Dáṣíbọ́ọ̀dù dúdú ni mo rí, tó ga. Òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì nípọn bí itan àgbàlagbà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì? Ó ti ré wálẹ̀ kúrò lójú mi kí n tó wá a. N kò mọ ibi tí imú ọkọ̀ mi parí sí. Ohun èlò tó ń hó "pìn-ín, pìn-ín" ló ń sọ fún mi bí mo bá ń páàkì. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń pe ara mi ní awakọ̀ ọkọ̀ yìí, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé yàrá kan tó ní fèrèsé ni mo ti ń wà kiri.

## Kọ́nà kẹrin

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni ìyókù ṣẹlẹ̀, ní pápá eré ìje kan tí wọ́n ti máa ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sá bó ṣe wù ú. Ìrì ṣì wà lórí kóríko. Kùrukùru bo ìsàlẹ̀ pápá débi pé a kì í rí ọkọ̀ títí tó fi máa yọ lójijì ní kọ́nà tó kẹ́yìn.

Ọ̀rẹ́ wa kan kọ́kọ́ fún mi ní tirẹ̀ wà. Agbára ẹṣin tó lé ní 500, ọtọmátíìkì, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń tì í. Ìpoyì mẹ́ta ni mo fi yí pápá. Kò sí ohun tó ṣe mí. Mo tẹ iná, ó lọ. Mo tẹ bíréèkì, ó dúró. Mo yí i, ó yí. Ó sáré débi pé n kò ráyè mọ̀ pé ó ń sáré. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n ní "Báwo?", mo ní "Ó dáa gan-an ni," mo sì ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi kún un, n kò rí.

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ pè mí. "Wá wọ ibí."

MX-5 àkọ́kọ́ ni tiwọn, irú èyí tí Mazda gbé jáde lọ́dún 1989. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ju lítà 1.6 lọ, agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 115 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ kò sì wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Ìjókòó méjì péré. Ẹ̀gbọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kí n tan iná nítorí kùrukùru. Mo tẹ bọ́tìnnì, iná iwájú méjèèjì sì dìde láti inú bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ojú ọ̀pọ̀lọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ń rí wọn! Mo ń rí ẹ̀yìn iná méjèèjì tó nàró. Láàárín wọn, bọ́nẹ́ẹ̀tì wú díẹ̀ bí ìgbà tí èémí bá wà nínú àyà. Ní ọ̀tún àti ní òsì, mọ́gáàdì rọra yọ gọngọ, ó tún rọra tẹ̀ wálẹ̀. Mo mọ̀ pé táyà iwájú wà lábẹ́ gọngọ yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ojú mi ló sọ ọ́.

Kọ́nà kẹrin pápá yẹn máa ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì máa ń há bó ṣe ń lọ. Nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́, mo ń méfò níbẹ̀ ni. Mo ń fi ààyè tó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sílẹ̀ láàárín èmi àti ìlà funfun, ẹ̀rọ ọkọ̀ sì ń bá mi tún ìyókù ṣe. Nínú MX-5, mo gbé orí mọ́gáàdì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ inú kọ́nà lé ìlà funfun náà bí télọ̀ ṣe ń gbé ẹnu àlùmọ́gàjí lé ojú ṣọ́ọ̀kì. Mo tẹ̀ lé ìlà náà wálẹ̀. Ní àárín kọ́nà, ẹsẹ̀ mi kúrò lórí tọ́tù, ìyẹn ibi tí à ń tẹ iná, díẹ̀, ó sì yẹ kó má kúrò. Ìdí ọkọ̀ yọ̀. Kò yọ̀ púpọ̀, bóyá ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Àmọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé mo ti rí i kí ara mi tó gbọ́ ọ: gọngọ mọ́gáàdì yẹn ṣí kúrò lórí ìlà, ó wọ inú lọ. Mo dá sítíárìn padà ní ìwọ̀n ìka kan. Gọngọ padà sórí ìlà. A jáde.

Ẹ̀gbọ́n kò sọ nǹkan kan títí a fi dúró. Wọ́n wá ní, "Kí lo rí?"

"Mọ́gáàdì ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀n-ẹ́n!"

Eré tí a sá kò tó nǹkan. Ẹni tó fún mi ní ọkọ̀ àkọ́kọ́ ì bá ti yí pápá ká, kó sì máa dúró dè wá. Síbẹ̀ mo lè sọ gbogbo kọ́nà náà fún yín lóhùn kan títí di òní.

## Etí ẹṣin

Mọ́gáàdì tó tọ́ mi wọ kọ́nà yẹn ni àwọn tó dúró sétí pápá ń yà ní fọ́tò. Òun kan náà ni wọ́n ń pè ní ẹwà ọkọ̀ náà. Ìlà kan ṣoṣo ni, ó lójú méjì. Ọ̀kan ń wo òde, ọ̀kan ń wo awakọ̀. Àwọn tó ṣe MX-5 fi ọ̀rọ̀ Japan kan, jinba ittai, sí àárín iṣẹ́ wọn, ó túmọ̀ sí kí ẹṣin àti ẹni tó gùn ún di ọ̀kan. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tipẹ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìpolówó lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Kí ni ẹni tó wà lórí ẹṣin máa ń rí? Ó ń rí ọrùn ẹṣin, ó ń rí etí rẹ̀. Etí yẹn ló máa kọ́kọ́ nà tí ẹ̀rù bá ba ẹṣin, òun ló máa yí síbi tí ẹṣin fẹ́ lọ. Àwa ń ka agbára ẹṣin lójoojúmọ́, a ti gbàgbé etí ẹṣin.

Ẹni tó bá ti jókòó nínú Porsche 911 àtijọ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e jáde ní Frankfurt lọ́dún 1963, iná iwájú rẹ̀ wà ní orí mọ́gáàdì méjì tó yọ sókè ju bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ, awakọ̀ sì ń wo ọ̀nà láàárín wọn bí ẹni tó ń wo ọ̀nà láàárín òkè méjì. Àwọn ènìyàn ti fi ọgọ́ta ọdún sọ pé ọkọ̀ náà dà bí ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n sì tún fi ọgọ́ta ọdún rà á.

Ẹ wá wo Lamborghini Countach tó bọ́ sójú ọjà lọ́dún 1974. Marcello Gandini ló yà á, nígbà tó wà ní Bertone, ilé iṣẹ́ àwọn tó ń ya ọkọ̀. N kò mọ ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n so bébà rẹ̀ mọ́ ògiri yàrá ọmọdékùnrin tó o. Bí awakọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ rìn sẹ́yìn, ó ní láti ṣí ilẹ̀kùn sókè, kó gbé ìdí lé etí ilẹ̀kùn, kó yọrí síta, kó máa wo ẹ̀yìn, nítorí pé láti inú kò rí nǹkan kan. Gbogbo ẹwà yẹn, ìta nìkan ló kọjú sí. Honda ṣe NSX lọ́dún 1990, ọkọ̀ tó gbé ẹ́ńjìnì sí ẹ̀yìn awakọ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n wọ́n wo ìdérí gíláàsì ọkọ̀ òfuurufú ogun F-16 kí wọ́n tó ya ibi ìjókòó rẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rẹlẹ̀, òpó rẹ̀ tín-ín-rín, ẹni tó wà nínú ń rí ayé yí ká. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ NSX kò burẹ́wà. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju Countach lọ, ẹni tó bá fẹ́ kó bú mi.

N kò ní purọ́ pé ìwà ìkà ló mú kí ọkọ̀ òde òní fi ara rẹ̀ pa mọ́ fún awakọ̀. Òfin ààbò àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ń fẹ́ kí àlàfo wà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ẹ́ńjìnì, kí orí ènìyàn má bàa lu irin líle bí ọkọ̀ bá gbá a. Bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ga sí i. Òpó nípọn kí òrùlé má bàa wó lé wa lórí bí ọkọ̀ bá dojú dé. Iná tó ń dìde bí ojú ọ̀pọ̀lọ́ náà bá ìgbà lọ. Ẹ̀mí ló ṣe pàtàkì jù, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

## Ẹwà tó fẹ́ gbé ènìyàn ṣubú

Àwọn olójú lè máa rò pé mo ti dé ẹ̀yìn wọn báyìí. Ó kù díẹ̀.

Lọ́dún 1998, Audi gbé TT jáde. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ hàn, ohun tó sì wu ènìyàn ni pé èyí tí wọ́n tà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi hàn. Òrùlé rẹ̀ tẹ̀ bí ọrùn, ó ṣàn wálẹ̀ sí ìdí láìsí ohun kan tó dá a dúró. Kò sí ìyẹ́, kò sí etí. Mo rántí pé mo gé fọ́tò rẹ̀ kúrò nínú ìwé ìròyìn kan.

Àmọ́ afẹ́fẹ́ kò mọ fọ́tò. Ohun tó tẹ̀ lókè tó sì ṣàn wálẹ̀ lẹ́yìn báyẹn, bí ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ló ṣe rí lójú afẹ́fẹ́, ó ń fẹ́ gbé e sókè. Ní àwọn òpópónà Jámánì tí kò ní òdiwọ̀n eré, bí awakọ̀ TT bá ti lé ní kìlómítà 180 ní wákàtí kan, tó sì yà lójijì, ìdí ọkọ̀ á fúyẹ́, táyà ẹ̀yìn kò ní di ilẹ̀ mú mọ́. Àwọn kan kú. Nígbà tí ọdún 1999 ń parí lọ, Audi pe àwọn ọkọ̀ náà padà. Wọ́n fi ìyẹ́ kékeré kan sí etí búùtù, wọ́n tún irin abẹ́ rẹ̀ tò, wọ́n sì fi ESP sí i, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dá bíréèkì mú táyà kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ má bàa yí.

Ohun tó ń tì mí lójú níbẹ̀ rèé: nígbà tí mo rí ìyẹ́ kékeré yẹn, mo bínú. Mo ní wọ́n ti ba ìlà rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀mí ti bọ́, èmi ń sunkún ìlà. Lónìí, tí mo bá rí TT àkọ́kọ́ tí kò ní ìyẹ́, ara mi máa ń ta díẹ̀ bí ìgbà tí mo bá rí ọmọ tó jókòó sétí òrùlé. Ojú mi ti mọ ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe níbẹ̀, kò sì lè rí i bó ṣe máa ń rí i tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òdìkejì rẹ̀ ni ti 911 Carrera RS 2.7 tí Porsche fi hàn ní Paris lọ́dún 1972. Ìdí 911 náà máa ń fúyẹ́ bí eré bá pọ̀, ni àwọn ẹnjiníà bá gbé ìdérí ẹ́ńjìnì rẹ̀ sókè ní etí, ó ká bí ìrù pẹ́pẹ́yẹ. Kò sí ẹni tó ń wá ẹwà nígbà náà; wọ́n fẹ́ kí táyà di ilẹ̀ mú, wọ́n sì fẹ́ ta 500 péré kí òfin eré ìje lè gbà wọ́n láyè. Iye tí wọ́n ṣe kẹ́yìn jẹ́ 1,580. Ìrù pẹ́pẹ́yẹ yẹn ni àwọn ènìyàn ń rà lónìí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ tí kò ní í sá eré tó lè mú kí ìdí rẹ̀ fúyẹ́ láéláé.

## Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Porsche kan kún un kí n tó kúrò níbẹ̀, nítorí pé òun ló fi hàn mí pé àwọn olówakọ̀ náà ń purọ́ fún ara wọn. Lọ́dún 2013, 911 GT3 tuntun jáde láìsí jíà ọwọ́. Jíà PDK nìkan ló ní, èyí tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Àwọn olówakọ̀ tí wọ́n ti ń sọ fún gbogbo ayé pé eré àti aago nìkan ni ohun gidi, àwọn kan náà ló fi igbe ta. Lọ́dún 2016, Porsche ṣe 911 R tó ní jíà ọwọ́, 991 péré, ó sì di ọ̀wọ́n. Nígbà tó di 2017, wọ́n dá jíà ọwọ́ padà sínú GT3 fún ẹni tó bá fẹ́. Ìwé àwọn tó ṣe é gan-an ló sọ pé èyí tó ní PDK ń dé kìlómítà 100 ní wákàtí kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3.4, tí jíà ọwọ́ ń lo 3.9. Àwọn ènìyàn mọ̀, wọ́n sì fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá sílẹ̀ tọwọ́tọwọ́.

Kí ni wọ́n ń wá? Ohun tí mo rí ní kọ́nà kẹrin ni. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ náà bá wọn sọ̀rọ̀. Jíà ń bá ọwọ́ sọ̀rọ̀, mọ́gáàdì ń bá ojú sọ̀rọ̀, ohùn sáláńsà ń bá etí sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń sunkún iná iwájú 911 ti ọdún 1997, èyí tí wọ́n fi ìrísí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀, tí iná rogodo sì padà wá lọ́dún 2004, èmi ti máa ń pè é ní ẹni tó ń wo ojú lásán. N kò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Bóyá òun náà gbọ́ pé ọkọ̀ náà ti yí ohùn padà.

## Ihò tí kò jinlẹ̀

Ọ̀nà tí mo wá ń gbà wo ọkọ̀ ti yí padà, ó sì ti bà mí nínú jẹ́ díẹ̀ sí ọkọ̀ tèmi. Ihò ńlá méjì wà ní igun bọ́ḿpà ẹ̀yìn rẹ̀, dúdú, oníhòhò bí afárá oyin. Mo ti ń yìn wọ́n láti ọdún mẹ́ta. Ní ọjọ́ kan tí mò ń fọ ọkọ̀, mo ti ìka bọ ọ̀kan, ìka mi wọlé dé oríkèé àkọ́kọ́, ó kan ike. Mo lọ sí ìkejì. Ike. Atẹ́gùn kankan kò gba ibẹ̀ kọjá rí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi, kànrìnkàn àti ọṣẹ ló bá a.

Ìrù pẹ́pẹ́yẹ ń sọ ohun tó ń ṣe. Ihò ike ń sọ ohun tí kò ṣe. Ìyàtọ̀ yìí ni mo rò pé ó wà ní ìdí ọ̀pọ̀ ìjà wa, bí a tilẹ̀ ń pè é ní ọ̀rọ̀ ẹwà. Àwọn tó ń bú Civic ti ọdún 2017, mo fẹ́ padà lọ bá wọn: ìyẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ihò orí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, sáláńsà àárín náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ lórí ohùn ọkọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan lára ihò igun bọ́ḿpà rẹ̀ ò ṣí síbì kankan. Ojú wọn ti rí irọ́ yẹn láti ọ̀nà jíjìn, wọn ò kàn rí orúkọ tí wọ́n máa pè é. Nígbà tí ìran tó tẹ̀ lé e jáde lọ́dún 2022, ọ̀pọ̀ igun ti lọ, kò sì sẹ́ni tó ní kò wà dáadáa mọ́.

Ibi tí n kò tíì yanjú ni ti ohùn. Nígbà tí BMW gbé M5 ti ọdún 2011 jáde, tí wọ́n ń gba inú sípíkà fi ohùn ẹ́ńjìnì kún ohùn ẹ́ńjìnì, mo ní ẹ̀tàn ni, mo sì ṣì dúró síbẹ̀. Hyundai wá ṣe Ioniq 5 N lọ́dún 2023: ọkọ̀ oníná tó wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì ó lé, tí kò ní jíà kankan tí à ń pààrọ̀. Awakọ̀ lè tẹ bọ́tìnnì kan, ọkọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni pé jíà mẹ́jọ wà nínú rẹ̀. Á mì nígbà tí o bá pààrọ̀, á pariwo, bí o bá sì gbàgbé láti pààrọ̀, á kọ̀ láti lọ sí i, bí ẹ́ńjìnì tó ti dé òpin agbára. Irọ́ pátápátá gbáà ni. Ọ̀rẹ́ mi tó wà á ní irọ́ náà ràn án lọ́wọ́: ó ní ohùn yẹn ló jẹ́ kí òun mọ eré tí òun ń sá bọ̀ sí kọ́nà láìwo aago. Mo jiyàn. Ó ní, "Ìwọ tó ń fi mọ́gáàdì ríran?" Mo dákẹ́. Mo ṣì ń wá èsì.

Mo padà lọ bá Ẹ̀gbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí etí ẹṣin dé orí ihò ike. Wọ́n ń fi aṣọ nu ẹ̀yìn iná iwájú MX-5, apá tó jẹ́ pé awakọ̀ nìkan ló ń rí i. Wọ́n gbọ́ mi títí mo fi parí. Wọ́n ní, "O ti gbé àga rẹ sókè?"

"Àga wo, ẹ̀gbọ́n?"

"Àga ọkọ̀ rẹ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ jù kí ẹ lè dà bí asáré-ìje."

Mo délé, mo jókòó sínú ọkọ̀, mo fa irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Mo gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan, kò sí nǹkan. Lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé, mo dà bí ẹni tó jókòó sórí àpótí. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ gíláàsì, níwájú, lápá ọ̀tún, ìlà tín-ín-rín kan yọ. Etí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni, kò ju ìbú ìka kan lọ. Mo ti fi àga náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.